Páálí àwo fíìmù tí Dádì kó bọ̀ láti Houston: ẹ̀rọ wo ló máa kà á?

Ọmọ_Òṣogbo
Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí i yín o. Dádì wa ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ti kó bọ̀ wálé láti Houston. Páálí mẹ́ta tó kún fún àwo fíìmù wà nínú ẹrù tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó ránṣẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò ó ò bá a dé, wọ́n ti fún ẹnì kan níbẹ̀ kí wọ́n tó di ẹrù.

Mo tú páálí àkọ́kọ́. Àwọn kan wà nínú ike dúdú, DVD lásán. Àwọn kan wà nínú ike búlúù tó kéré sí ti DVD, Blu-ray ni wọ́n kọ sí i. Àwọn kan tún wà nínú ike pupa, wọ́n kọ HD DVD sí i lórí. Nísàlẹ̀ pátápátá ni mo ti rí fíìmù Yorùbá onísíìdì méjì-méjì tí Mọ́mì máa ń fi rán èèyàn sí wọn nígbà yẹn. Mo fi ọ̀kan nínú ti pupa sínú ẹ̀rọ DVD tó wà nílé, ó yí, ó yí, ó ní "No Disc". Dádì ní ẹ̀rọ China tí a rà ni kò dáa, pé kí n lọ ra "DVD gidi". Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Owó ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ mi o.

Bàbá_Ẹ̀rọ (Ìbàdàn)
Ẹ kú ewu ìrìnàjò Dádì. Ẹ má dá ẹ̀rọ yín lẹ́bi, kò ṣẹ̀. Àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn fẹ̀ dọ́gba, ihò àárín wọn dọ́gba, ojú lásán ló jọra. Àwọn àmì wíńníwíńní ló kún inú àwo, iná léésà ló sì ń kà wọ́n. Ti CD àti VCD (ìyẹn fíìmù Yorùbá onísíìdì méjì-méjì yẹn) ló tóbi jù, iná 780 nánómítà ló ń kà á. Ti DVD kéré sí i, iná pupa 650 ló ń kà á. Ti HD DVD àti Blu-ray tún kéré gan-an, iná búlúù tó fẹ́ jọ àlùkò, 405, ni tiwọn. Ẹni tó bá ní kí ẹ̀rọ DVD ka HD DVD ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ṣa òkúta nínú ìrẹsì ni.

Ibi tó ti wá dojú rú ni pé HD DVD àti Blu-ray, iná kan náà ni wọ́n ń lò, síbẹ̀ ẹ̀rọ ọ̀kan kì í ka èkejì. Nínú HD DVD, àmì wà ní 0.6 mm sí ojú àwo, bíi ti DVD gẹ́lẹ́. Nínú Blu-ray, 0.1 mm péré ni. Lẹ́ńsì èyí ò bá tọ̀hún mu. Torí náà, tí ẹ bá ra ẹ̀rọ Blu-ray tó wọ́n jù lọ́jà, á ka DVD, á ka Blu-ray, àmọ́ ti pupa yẹn á kàn máa wò yín ni.

Ẹ kọ́kọ́ pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin. Ẹ má tíì ra nǹkan kan.

Ọmọ_Alábà
Ta ló ṣì ń ra ẹ̀rọ àwo láyé tí a wà yìí? 😂 Kó gbogbo ti pupa yẹn fún àwọn ọmọdé kí wọ́n fi ṣeré. YouTube wà ńbẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Peckham
Ọmọ Alábà, jẹ́ ká gbọ́ràn jàre. Èèyàn ṣiṣẹ́ alẹ́ kó tó rówó ra fíìmù, o ní kí wọ́n fi ṣeré.

Àbúrò mi Òṣogbo, ohun kan wà tí wọn ò tíì sọ fún ẹ. Àwo Amẹ́ríkà ní àgádágodo ìpínlẹ̀ ayé lára. DVD tí wọ́n rà ní Houston, Region 1 ni. Ti wa níbí ní London, Region 2. Nàìjíríà bọ́ sí Region 5. Ti DVD ò le, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ China tí wọ́n ń tà nílé ń ka gbogbo rẹ̀, èyí tí kò bá sì kà á, wọ́n máa ń fi rímóòtù tẹ nọ́ńbà kan tí á ṣí i. Blu-ray ló lágídí. Ìpínlẹ̀ mẹ́ta ló ní: A ni Amẹ́ríkà, B ni Yúróòpù àti gbogbo Áfíríkà. Tí o bá ra ẹ̀rọ Blu-ray ní Lagos tàbí tí mo bá rà á fún ẹ níbí, B ni, àwọn kan nínú àwo Dádì á kọ̀ jálẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn o. Ọ̀pọ̀ Blu-ray ti Warner, Paramount àti Universal ni wọn ò tì. Yẹ ẹ̀yìn ike àwo náà wò, wàá rí lẹ́tà A kékeré níbi tí wọ́n bá ti tì í.

Ṣọlá_Houston
Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Dádì ṣe kó sínú ọ̀rọ̀ yìí, torí ilé ìtajà ẹ̀rọ kan níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ọwọ́ mi ni wọ́n ti ń rà á.

2006 ni ìjà HD DVD àti Blu-ray wọ ọjà. Toshiba ló gbé HD DVD, Sony, Panasonic, Philips àti àwọn míì gbé Blu-ray. Oṣù Kẹrin ni HD-A1, ẹ̀rọ HD DVD ti Toshiba, dé, dọ́là 499. Kọ̀ǹpútà Pentium 4 ni wọ́n tì sínú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá tàn án, ẹ lè ro ẹ̀bà kó tó ṣetán. Oṣù Kẹfà, Blu-ray ti Samsung dé, dọ́là 999. Ẹ wo owó yẹn dáadáa, torí pé èyí tó rọjú ló padà kú.

Kò sí oníbàárà tó bi mí nípa àwòrán. Kí ni wọ́n fẹ́ bi? Àwòrán méjèèjì mọ́ bákan náà, 1080p ni méjèèjì, tẹlifíṣàn tó lè gbé e jáde gan-an ò tíì sí nílé ọ̀pọ̀ wọn. Ohun tí wọ́n ń bi mí ni pé, "Èwo ló máa kú nínú méjèèjì?" Tí mo bá ní mi ò mọ̀, wọ́n á gbé ẹ̀rọ DVD olówó pọ́ọ́kú lọ sílé. Ọdún méjì gbáko, DVD ló ń jèrè ìjà tí kò sí nínú ẹ̀.

Àwọn iléeṣẹ́ fíìmù náà ló bà á jẹ́. Universal ò ṣe é fún ẹlòmíì, HD DVD nìkan. Sony, Disney àti Fox, Blu-ray nìkan. Warner àti Paramount ń ṣe méjèèjì, títí Paramount fi bọ́ sí ẹ̀yìn HD DVD ní oṣù Kẹjọ 2007. Ìyẹn ni pé ẹ lè ra ẹ̀rọ dọ́là 499 tán kí ìdajì fíìmù tí ọmọ yín ń sunkún sí má sí fún un.

Ohun tó gbé Blu-ray wọlé ni PlayStation 3, oṣù Kọkànlá 2006. Dọ́là 499 àti 599, ó wọ́n fún ẹ̀rọ géèmù, àmọ́ ẹ̀rọ Blu-ray wà nínú ẹ̀ látilẹ̀. Bàbá ra géèmù fún ọmọ, ó ti gbé Blu-ray wọlé láìmọ̀. Xbox 360 náà ní HD DVD, àmọ́ ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ ni, dọ́là 199 míì, ẹni tó bá fẹ́ ló ń rà á. Mo tà á, mo mọ̀: nǹkan tí èèyàn gbọ́dọ̀ padà wá rà lọ́tọ̀, ìdá díẹ̀ ló ń padà wá.

Nígbà tó di oṣù Kọkànlá 2007, Walmart ta HD-A2, ẹ̀rọ HD DVD Toshiba míì, ní dọ́là 98.87. Àwọn èèyàn tò lọ bẹẹrẹ. Mo fẹ́ gbà pé ibẹ̀ ni Dádì ti rà á. Ọjọ́ 4 oṣù Kìíní 2008, Warner kéde pé Blu-ray nìkan làwọn á máa ṣe. Netflix, Best Buy àti Walmart yíjú kúrò ní oṣù Kejì, nígbà tó fi máa di ọjọ́ 19 oṣù náà, Atsutoshi Nishida, ọ̀gá Toshiba, jáde ní Tokyo pé ó parí. Kò pé ọ̀sẹ̀ méje. Ẹni tó ra ẹ̀rọ fún ọdún Kérésì ti jogún òkú kí yìnyín tó lọ (níbi tí yìnyín bá wà o, ti Houston ń kọ́).

Bàbá_Ẹ̀rọ (Ìbàdàn)
Ẹ̀gbọ́n Ṣọlá, mo gbà díẹ̀. Àmọ́ ẹ má fojú fo inú àwo. Blu-ray ń gba 25 GB lórí ìpele kan, 50 lórí méjì. HD DVD, 15 àti 30. Àwọn tó ń ṣe fíìmù mọ ìyàtọ̀ yẹn.

Ṣọlá_Houston
Wọ́n mọ̀ ọ́n, oníbàárà ò mọ̀ ọ́n. Tó bá jẹ́ títóbi tàbí dídán àwòrán ló ń ta ọjà, ṣé VCD á wọ ilé kankan ní Nàìjíríà?

Bàbá_Ẹ̀rọ (Ìbàdàn)
Hmm. Ibẹ̀ lẹ ti mú mi. 😂

VCD jáde ní 1993. Àwòrán ẹ̀ jẹ́ 352 sí 288 péré, tí ojú èèyàn bá sáré kọjá nínú fíìmù, á di igun igun. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 ló ń gbà, ìdí nìyẹn tí fíìmù kan fi ń wọ síìdì méjì. Kásẹ́ẹ̀tì VHS tí a ń lò tẹ́lẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ burú jù ú lọ lójú. Síbẹ̀ nígbà tí Ìdúmọ̀tà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fíìmù Yorùbá sórí VCD, kásẹ́ẹ̀tì ò pẹ́ rárá. VCD ò ní téépù tí ẹ̀rọ ń jẹ. Kò sí yíyí padà sẹ́yìn kó tó di pé ẹ dá a padà sí fídíò kílọ́ọ̀bù. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lówó pọ́ọ́kú, inú náílọ́ọ̀nù ló ń gbé. Ẹ̀rọ rẹ̀ láti China ò wọ́n. Ìgbà tí ẹ̀rọ DVD sì dé, ó ka VCD náà, kò sẹ́ni tó ní láti da ti tẹ́lẹ̀ nù. Báyìí la ṣe rọra rá wọ inú DVD. Ìjà HD DVD àti Blu-ray tí ẹ̀gbọ́n ń sọ yẹn ò dé ọ̀dọ̀ wa níbí rárá. Láti DVD, fláàṣì àti mẹ́mórì káàdì la bọ́ sí.

Ọmọ_Alábà
Ẹ ṣáà gbàgbé "ẹ máa retí apá kejì" tó máa ń jáde nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dùn. Mi ò tíì dárí jì wọ́n.

Ọmọ_Òṣogbo
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti pín in. DVD ló pọ̀ jù. Mo ti dán díẹ̀ nínú wọn wò, ẹ̀rọ China wa ń kà wọ́n, àgádágodo ò dà á láàmú. VCD náà ń lọ, àmọ́ àwọn kan ń dúró tí wọ́n á máa ta gì gì gì. Blu-ray tó nǹkan bí ogún. Ti pupa kéré sí i. Nínú ti pupa yìí, àwọn kan wà tí kò ní àwòrán kankan lójú méjèèjì, wọ́n ń dán níwá, wọ́n ń dán lẹ́yìn, ìwé wíńníwíńní ló yí ihò àárín ká. Ṣé ayédèrú ni?

Ìyá_Ìbejì_Peckham
Kì í ṣe ayédèrú o! Yí i padà sí ojú kejì kó o tún fi sínú DVD.

Ọmọ_Òṣogbo
Ó ń ṣiṣẹ́! Dádì ti jókòó.

Ṣọlá_Houston
Combo nìyẹn. Ojú kan HD DVD, ojú kan DVD. Wọ́n ṣe é kí ẹni tí ọkàn ẹ̀ ò tíì balẹ̀ lè rà á, ó sì wọ́n ju ti ojú kan lọ, àwọn oníbàárà máa ń kùn sí mi lọ́rùn. Ẹ wo bó ṣe wá wúlò lónìí. Ka ìwé tó wà níbi ihò, á sọ ojú tó jẹ́ DVD.

Ti HD DVD gangan tó kù, ẹ tètè ṣe nǹkan sí i. Àwọn tó ń kó àwo jọ ti kíyè sí i pé ti Warner ń bàjẹ́ fúnra wọn. Ojú ò lè rí i, àwo náà á máa dán, àmọ́ ẹ̀rọ á dúró sójú kan láàárín fíìmù. Fífọ̀ ò wò ó. Àwọn DVD Warner kan tí wọ́n tẹ̀ ní àwọn ọdún bíi 2006 sí 2008 náà ní irú ìṣòro yìí, iléeṣẹ́ náà sì ti jẹ́wọ́ ẹ̀ ní 2025.

Adúláwọ̀_Manchester
Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan Dádì láti ra ẹ̀rọ HD DVD Toshiba àlòkù láti Amẹ́ríkà o. Iná 120 volt ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ bá tì í bọ iná Nàìjíríà báyìí, èéfín ni. Afi kí ẹ ra transformer tó ń rẹ iná sílẹ̀, owó yẹn sì ti tó ra nǹkan míì. Ẹ̀rọ Blu-ray láti Amẹ́ríkà náà, ẹ ka ẹ̀yìn ẹ̀ kí ẹ tó tì í bọ iná. Tí wọn ò bá kọ 100–240 sí i, ẹ má dán an wò.

Bàbá_Ẹ̀rọ (Ìbàdàn)
Òótọ́ ọ̀rọ̀. Irú ẹ̀ ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, tí wọ́n á ní "ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti òkè òkun ni o."

Èyí ni mo rí sí i. Ẹ má ra ẹ̀rọ orí tẹlifíṣàn. Ẹ ra dírááfù Blu-ray tí wọ́n ń fi USB so mọ́ laptop. Iná ò kàn án, laptop ló ń fún un lóúnjẹ. Á ka VCD, á ka DVD, á ka Blu-ray. MakeMKV, ètò orí kọ̀ǹpútà kan, á kó fíìmù inú Blu-ray kúrò lórí àwo sínú háàdì dísìkì, kò sì ní béèrè A tàbí B. Ti VCD rọrùn jù: ẹ ṣí àwo náà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ó rí fódà kan tó ń jẹ́ MPEGAV, ẹ wọ inú ẹ̀, fáìlì tó tóbi jù, bíi AVSEQ01.DAT, ni fíìmù. Ẹ kó o jáde, ẹ fi VLC, ètò tó ń gbé fíìmù jáde lórí kọ̀ǹpútà, ṣí i. Ó tán. Fún ilé yín nìkan o, ẹ má lọ tà á.

Tí èyí tó ń ta gì gì gì bá kọ̀ láti jáde, ẹ fi aṣọ òwú rírọ̀ nù ún láti àárín lọ sí etí, tààrà. Ẹ má nù ún yípo, torí ìlà tó bá tẹ̀lé ọ̀nà àmì ló ń pa á. Ẹ má sì fi ọṣẹ ìfọyín nù ún, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń ṣe é máa ṣe é. Ohun tó ṣe pàtàkì jù: ìwé tí fídíò kílọ́ọ̀bù lẹ̀ mọ́ orí VCD, ẹ má ṣí i. Abẹ́ ojú òkè yẹn gan-an ni àmì wà nínú CD àti VCD, ẹ bá ṣí ìwé, fàdákà á bá a lọ, ẹ ó máa rí òdìkejì bíi gíláàsì. DVD sàn, àárín ike méjì ni tiẹ̀ wà.

Ìyá_Ìbejì_Peckham
Gbogbo ẹ̀ dáa, àmọ́ ẹ rántí ẹni tó máa lò ó. Bàbá wa ò fẹ́ mọ MakeMKV. Wọ́n fẹ́ ti àwo bọ inú ẹ̀rọ, kí wọ́n mú rímóòtù, kí wọ́n na ẹsẹ̀.

Ọmọ_Òṣogbo
Àǹtí mi, ẹ ti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo bá wọn sọ láàárọ̀ yìí nìyẹn, wọ́n ní àwọn ò jókòó ti kọ̀ǹpútà wo fíìmù.

Bàbá_Ẹ̀rọ (Ìbàdàn)
Ta ní kí wọ́n jókòó tì í? Ẹ̀yin lẹ máa ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. DVD, VCD àti combo, ẹ̀rọ China tó wà nílé ti gbọ́ tiwọn, kí Dádì máa tì wọ́n bọ̀ ọ́ bó ṣe wù wọ́n. Blu-ray nìkan lẹ máa kó sínú háàdì dísìkì, tẹlifíṣàn yín á ní ihò USB lẹ́yìn, ẹ tì í bọ ibẹ̀, rímóòtù tẹlifíṣàn á máa yàn án. Ẹ tètè rà á pẹ̀lú. Samsung ti fi ẹ̀rọ Blu-ray sílẹ̀ láti 2019, LG náà ti fi tirẹ̀ sílẹ̀. Dírááfù ò ní dín lówó mọ́.

Ọmọ_Alábà
PS5 wà nílé àbúrò mi, ṣebí ó ń ka Blu-ray?

Adúláwọ̀_Manchester
Tó bá jẹ́ èyí tó ní ibi ìkíbọ̀ àwo, ó ń kà á, tí ìpínlẹ̀ bá bára mu. Àmọ́ kì í ka CD rárá, torí náà VCD Mọ́mì ò lè lọ níbẹ̀.

Ṣọlá_Houston
Ọmọ Òṣogbo, ti HD DVD ojú kan tó kù, kọ orúkọ wọn ránṣẹ́ sí mi. Dírááfù Xbox yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, USB ni mo fi so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, MakeMKV sì ń kà á. Àmọ́ èyí tí Blu-ray rẹ̀ bá wà lórí àtẹ àlòkù níbí ní dọ́là méjì-mẹ́ta, mo kàn máa rà á ni, owó ìfìwéránṣẹ́ láti Òṣogbo wá síbí ju ìyẹn lọ. Èyí tí wọn ò bá tún tẹ̀ mọ́ nìkan ni kí ẹ fi rán ẹni tó bá ń bọ̀.

Ọmọ_Òṣogbo
Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á bá yín ṣe é. Dírááfù USB náà ni mo máa rà. Ìbéèrè kan ló kù: báwo ni háàdì dísìkì ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó?

Bàbá_Ẹ̀rọ (Ìbàdàn)
Blu-ray kan lè gba 20 sí 40 GB. Ogún wọn á wọ inú 1 TB, á ṣẹ́kù. VCD ò tó nǹkan, síìdì méjì ò pé 2 GB. Tí owó bá ká a, ẹ ra méjì, kí ọ̀kan wà nílé ẹlòmíì nínú ẹbí. Kí ẹ sì kó àwọn VCD yẹn kọ́kọ́ ná kí ẹ tó fọwọ́ kan Blu-ray, torí Blu-ray ṣì wà lọ́jà. Fíìmù Yorùbá ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ni èyí tó wà lọ́wọ́ yín lè jẹ́ ọ̀kan nínú ìwọ̀nba tó kù.

Ọmọ_Òṣogbo
Mọ́mì ní ìwé kílọ́ọ̀bù ṣì wà lórí mẹ́rin nínú wọn. Mi ò ní ṣí i.